Agogo Ọrùn Ojúlarí

Mò ń lọ yunifọ́ọ̀mù ọmọ mi lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Iná kò sí láti ọjọ́ Ẹtì, mo sì ti gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú tí ìyá ọkọ mi fi sílẹ̀ jáde sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Idasen, ní ìlú Ọ̀wọ̀, mò ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, eérú ń fò sí mi lójú. Aṣọ búlúù ni yunifọ́ọ̀mù náà, ilà funfun gba orí rẹ̀ kọjá ní ìbú àti ní òòró, irú èyí tí èmi náà wọ̀ ní kékeré ní Ute. Fóònù dún lórí àpótí. Bàbá mi ló ń pè. Bàbá mi kì í pe ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ gbúròó rẹ̀ ni yóò pè é. Mo kúnlẹ̀ kí n tó gbé e sétí, bí ẹni pé ó ń rí mi.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá."

"Kú ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà, sà. Ó ń ṣeré."

"Àbúrò mi ti kú. Ní Imoru. Àná ni. Ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ gbé e wálé wá sin sí ẹ̀gbẹ́ ìyá wa. Mo ní rárá. Mo kàn fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́nu mi ni, kí o má lọ gbọ́ ọ níta."

"Kí ló dé tí ẹ ní rárá, sà?"

"O ṣáà mọ ohun tó ṣe."

Ó pa fóònù. Mo mọ ohun tó ṣe. Nínú gbogbo ènìyàn tó ṣì wà láyé, èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù. Kò ṣe nǹkan kan. Kí n tó rántí áyọ́ọ̀nù, ó ti jó àyà yunifọ́ọ̀mù náà, ihò dúdú ti lu síbẹ̀, òórùn aṣọ jíjó sì gba imú mi. Òórùn yẹn kì í ṣe àjèjì sí mi. Irú aṣọ kan náà ni mo fi ọwọ́ ara mi sun nínú iná ìdáná nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ilé wa ní Ute jẹ́ ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, igi ọsàn kan wà láàárín agbo ilé tí gbogbo nǹkan ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kun ẹran, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dájọ́, ibẹ̀ ni mo ti ń ka ìwé. Ìyá mi kú kí n tó dá ojú rẹ̀ mọ̀, ìyá bàbá mi ló tọ́ mi, Ìyá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é. Ojú rẹ̀ ti funfun nígbà tí mo gbọ́n, kò rí ju òjìji lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe iṣẹ́ ibi nínú ilé náà. Bí ìṣasùn bá ṣí, yóò gbọ́. Bí mo bá bu omi tútù sí ọbẹ̀ kí ó lè pọ̀, yóò ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọbẹ̀ yẹn ti dákẹ́ jù, kí lo dà sí i?" Ohùn Ọ̀ghọ̀ ni ó fi ń sọ gbogbo rẹ̀, nítorí bí àwọn àgbà wa ṣe ń pe Ọ̀wọ̀ nìyẹn, ilé ni mo sì ti kọ́ ohùn náà kí olùkọ́ tó fi ẹgba kọ́ mi ní Yorùbá inú ìwé. Ní àárọ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni ìkọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀pá ìgbálẹ̀, lẹ́yìn náà agogo àwọn ajá. Ajá mẹ́rin ni bàbá mi ní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agogo irin kékeré lọ́rùn, alágbẹ̀dẹ ló rọ wọ́n, ahọ́n wà nínú wọn, kò sì sí èyí tó bá èkejì dún dọ́gba. Ìyá Àgbà kò rí ajá kankan, ṣùgbọ́n ó mọ èyí tó wà nídìí ìkòkò omi àti èyí tó ń tọ̀ sára ògiri.

Ìdílé ọdẹ ni wá. Tọmọdé tàgbà wa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, a sì ń dẹ ìgbẹ́ láti ọjọ́ Ajé. Bàbá bàbá mi ni ó pín ogún rẹ̀ sí ọ̀nà méjì kí ó tó kú, ibẹ̀ sì ni ìkorò ti wọlé. Àwọn ajá ni ó fún bàbá mi tí í ṣe àkọ́bí. Ìbọn rẹ̀, ṣakabùlà ńlá kan tí ìdí rẹ̀ jẹ́ igi ìrókò, ó fún àbúrò bàbá mi, Ayọ̀délé, tí èmi ń pè ní Bàbá Kékeré. Ìdí tó sọ ni pé, "Etí ni ìbọn ń fẹ́, Ayọ̀délé ló ní etí." Òótọ́ ni. Bàbá Kékeré lè jókòó lábẹ́ igi ọsàn kí ó sì sọ pé ọ̀yà ń jẹ pákí lẹ́yìn ọgbà. A ó lọ wò ó, a ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá mi gba àwọn ajá náà, ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò rí i kí ó fọwọ́ kan ìbọn yẹn rí, kò sì rékọjá níwájú ibi tí wọ́n gbé e kọ́ láìwo ilẹ̀.

Èmi fẹ́ràn ìbọn náà, kì í ṣe nítorí pípa, nítorí ọwọ́ tí Bàbá Kékeré fi ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yóò gbé e lé itan, yóò fi epo nu ún, èmi yóò di ìwo ẹ̀tù mú fún un, yóò sì máa bi mí bí ẹni ń bi ọmọ ní ìbéèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Kí ni à kọ́kọ́ ń kì sẹ́nu ìbọn?"

"Ẹ̀tù."

"Lẹ́yìn ẹ̀tù?"

"Ihá ẹyìn. Ẹ ó fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀."

"Lẹ́yìn ihá?"

"Ọta."

"Lẹ́yìn ọta?"

"Ihá mìíràn, kí ọta má baà yí jáde."

"Ìkẹyìn ńkọ́?"

"Etí!" Èmi yóò pariwo rẹ̀, òun yóò sì rẹ́rìn-ín títí eyín wúrà rẹ̀ yóò fi hàn. Etí ni à ń kì kẹ́yìn. Ìbọn tí wọn kò ki etí sí, ènìyàn ni yóò pa.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá mi mú ọmọ ajá pupa kan wálé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ kan, tí ó sì sọ ọ́ ní Ojúlarí. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ èyí tó kù nínú ọ̀rọ̀ náà: ojú la rí, ọ̀rẹ́ kò dénú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọdẹ ṣe ń fi orúkọ ajá sọ ohun tí ẹnu wọn kò lè sọ. Bí bàbá mi bá ti rí àbúrò rẹ̀ tó ń bọ̀ láti odò, yóò dìde dúró, yóò na ohùn.

"Ojúlarí o! Ojúlaríiii!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ajá lẹ ń pè ni àbí èmi?"

"Ẹni tó bá jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni kó dáhùn."

"Ó dáa o. Hòò-hòò!" Bàbá Kékeré á gbó bí ajá, èmi á rẹ́rìn-ín, bàbá mi kò ní rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà á sì ké láti inú ilé pé, "Ẹ má fi orúkọ ajá bá ara yín jà nínú ilé mi o. Ajá á kú, orúkọ á kù sílẹ̀."

N kò lè parọ́ mọ́ bàbá mi, ó mọ ajá kọ́. Ó máa ń so awọ ọ̀yà mọ́ okùn, èmi ni yóò ní kí n wọ́ ọ kiri ẹ̀yìn ilé, kí n gba abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, kí n fo ojú àgbàrá, kí n lọ fi pamọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò fún omi ewé sí Ojúlarí nímú, ajá náà yóò sín léraléra, yóò sì dẹ orí bolẹ̀, yóò máa tọ ibi tí mo gbà láìfi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Kí ajá má baà bẹ̀rù ìró ìbọn, a kọ́kọ́ ń lu abọ́ páànù nígbà tó bá ń jẹun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá Kékeré yóò lọ sí òkèèrè, yóò yin ẹ̀tù lásán, láìsí ọta nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, yóò sún mọ́ ilé díẹ̀. Títí ìró ìbọn fi di ìró oúnjẹ létí ajá náà: bí ó bá gbọ́ ọ, ìrù ni yóò máa jù. Ohun kan ṣoṣo ni bàbá mi fi òfin dè. Ajá ọdẹ kì í jẹun lọ́wọ́ ẹni méjì. "Ọwọ́ tó bá bọ́ ọ ni yóò gbọ́ tirẹ̀ nínú igbó. Bí mo bá rí ẹni tó fún un ní òkèlè, n ó na onítọ̀hún, n ó sì na ajá."

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ní kó má ṣe nǹkan ni yóò kọ́kọ́ ṣe é? Ajá ọdẹ kì í yó, ebi ni wọ́n fi ń mú kí imú rẹ̀ ríran. Ojúlarí yóò jókòó tì mí bí mo bá ń gún iyán, itọ́ yóò máa kán sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, yóò sì máa wo ọwọ́ mi bí ẹni ń gbàdúrà. Ọmọ tí kò ní ìyá ni mí, n kò lè rí ohun tí ebi ń pa kí n mójú kúrò. Bí mo bá dé láti ilé ìwé, tí bàbá mi ṣì wà lóko, mo máa ń pè é wọ ilé ìdáná, mo máa ń fún un ní èèpá iyán àti egungun. Ìṣòro mi ni agogo rẹ̀. Ìyá Àgbà yóò gbọ́ ọ láti yàrá. "Ojúlarí ló wà ní ilé ìdáná yẹn. Ta ló pè é?" Ni mo bá ta ọgbọ́n. Mo ti máa ń rí bàbá mi tí ń ki ewé bọ agogo àwọn ajá ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìgbẹ́, kí wọ́n má baà dún lójú ọ̀nà, kí ẹran má baà sá kí ọdẹ tó dé. Mo ya ìṣẹ́tí yunifọ́ọ̀mù mi tó ti gbó, mo ká a, mo sì ń fi ìka kì í wọ inú agogo náà títí ahọ́n rẹ̀ kò fi lè mì. Bí Ojúlarí bá jẹun tán, mo ń fà á yọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fún bí oṣù méjì, kò sí ẹni tó mọ̀.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ọdẹ Ute máa ń para pọ̀ lọ sí ìgbẹ́ kan ṣoṣo lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n á ti iná bọ ẹ̀gbẹ́ kan igbó, àwọn olájá á tú ajá sílẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn oníbọn á sì ba sí ojú ọ̀nà tí ẹran yóò gbà jáde. Koríko ga, èéfín ń bo ojú, kò sí ẹni tó ń rí ju ìmì koríko lọ. Nítorí náà, òfin wọn kò ju gbólóhùn méjì: ó dún, má yìn ín, kò dún, yìn ín. Ènìyàn ń kọrin, ajá ń lu agogo, ẹran nìkan ni kì í dún. Nítorí òfin yìí náà ni olórí ajá ṣe gbọ́dọ̀ fa ewé yọ lẹ́nu agogo kọ̀ọ̀kan ní etí igbó, kí ó gbé e sókè, kí ó mì í lẹ́ẹ̀mẹta kí gbogbo ìbọn gbọ́. "Ẹ gbọ́?" "A gbọ́!" Bàbá mi ni olórí ajá. Bàbá Kékeré ló ṣàlàyé gbogbo èyí fún mi lábẹ́ igi ọsàn, nítorí pé ó rò pé ọmọbìnrin pàápàá lè di ọdẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìgbẹ́ ọdún yẹn, Ojúlarí wà nínú ilé ìdáná pẹ̀lú mi, orí rẹ̀ wà nínú ìkòkò àsáró, nígbà tí mo gbọ́ ohùn bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó tètè dé láti oko. Mo lé ajá jáde láti ẹ̀yìn, mo fi omi nu ìkòkò, n kò sì ráyè fa aṣọ mi yọ lẹ́nu agogo rẹ̀. Kí n tó jáde, bàbá mi ti so ajá náà mọ́ igi ọsàn, ó ti já ewé, ó sì ń kì í bọ agogo rẹ̀ bí ìṣe ọjọ́ náà. Aṣọ mi wà nísàlẹ̀, ewé rẹ̀ wà lókè. Mo dúró, mò ń wo ìka rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, yóò nà mí, yóò na Ojúlarí. Mo sọ fún ara mi pé yóò rí i lọ́la, ní etí igbó, nígbà tó bá mì í tí kò dún. Ó ṣáà gbọ́dọ̀ mì í. Mo lọ bu omi ìwẹ̀ rẹ̀ fún un.

Èmi àti Ìyá Àgbà la wà nílé lọ́jọ́ kejì, à ń ṣa ẹ̀gúsí. Láti ibẹ̀ a rí èéfín, a sì ń gbọ́ ìbọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àgbà mọ ohùn ṣakabùlà ọkọ rẹ̀ láàárín gbogbo wọn. Nígbà tó dún, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyẹn ni ti Ayọ̀. Ẹran ti kú. Gbé ìkòkò ńlá kaná." Mo gbé ìkòkò ńlá kaná. Omi hó, ó gbẹ, mo tún bu òmíràn sí i, kò sí ẹni tó dé. Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò kọrin. Bàbá mi ló ṣáájú, ó gbé Ojúlarí sí èjìká bí ẹni gbé ìgalà, ẹ̀jẹ̀ ajá náà ti gbẹ sí i lẹ́yìn. Ó gbé e sílẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn. Ó fa agogo yọ nínú àpò ọdẹ rẹ̀, ó nà án sí mi, ojú rẹ̀ kò sí lára mi.

"Gbé e lọ fọ̀. Fọ inú rẹ̀ dáadáa."

Mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Kò sí ewé níbẹ̀ mọ́. Aṣọ mi wà níbẹ̀, ó ti pọ́n fún ẹ̀jẹ̀. Mo fi ìka họ ọ́ jáde. Mo gbé e sórí iná abẹ́ ìkòkò ńlá tí mo dá fún ẹran tí kò wá, mo wò ó títí ó fi di eérú, mo sì fọ agogo náà nígbà mẹ́ta. N kò sunkún. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ọmọdé sunkún.

Àwọn àgbà ọdẹ ti jókòó sórí àga gígùn nígbà tí mo padà. Bàbá Kékeré wà lórí ìdúró, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu ìbọn kọ ilẹ̀.

"Mo ní n kò gbọ́ agogo," ó ń sọ. "Mo tẹ́tí. Ẹ mọ̀ mí. Koríko mì, mo dúró, mo tẹ́tí títí, kò sí ohun tó dún. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mì í ní etí igbó? Nítorí n kò gbọ́ tirẹ̀."

"Mo mì í," bàbá mi wí. "Iná ló bo ohùn rẹ̀ mọ́ àwọn mìíràn létí. Ìwọ tí o ní etí, tí Bàbá torí etí rẹ fún ọ ní ìbọn, ìwọ ni kò gbọ́?" Ó gba agogo lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè níwájú gbogbo wọn, ó mì í. Ó dún. Ó dún rere, ó dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ajá mẹ́ta tó kù gbé orí sókè. "Ayọ̀délé, etí rẹ ló di ni, àbí inú rẹ?"

Omi ń kán láti ẹnu agogo náà sí ẹsẹ̀ bàbá mi, tó, tó. Bàbá Kékeré ń wo omi náà.

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Kí a jọ jókòó ti ẹ̀jẹ̀ ni?"

Bàbá Kékeré yíjú sí mi. Mo rántí pé ìbínú kò sí lójú rẹ̀, ó kàn ń wò mí bí ìgbà tó ń dúró de ìdáhùn. Mo wo ẹsẹ̀ ara mi. Ìyá Àgbà, tí kò rí nǹkan kan, sọ láti ẹnu ọ̀nà pé, "Wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí gbọ́ fèrè o. Ẹ wádìí ohun tí ọdẹ kò fi gbọ́ agogo." Àgbàlagbà ọdẹ kan ní ẹni tó bá pa ajá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí ìjà ogún, ọjọ́ mìíràn ènìyàn ni yóò pa. Wọ́n ní kí ó gbé ìbọn sílẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀. Kò jà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá jẹ́ ìbọn lẹ ń wá, ìbọn nìyí." Kí ó tó kọjá, ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó rọra bi mí pé, "Kí ni ìkẹyìn?" N kò dáhùn.

Ó kó lọ sí Imoru lọ́sẹ̀ yẹn, ó lọ ń ro oko olóko. Imoru kò jìnnà, ọ̀kadà ń lọ ibẹ̀ kí ara tó gbóná, ṣùgbọ́n kò wọ ilé wa mọ́. Bàbá mi gbé ṣakabùlà kọ́ sí yàrá rẹ̀, ó so agogo mọ́ ìṣó kan náà. Àwọn ọmọ Ute sì dá orin kan sílẹ̀, "Ọdẹ adití, ajá ló pa," wọ́n ń fi jó bí a bá ń bọ̀ láti odò. Èmi náà kọ ọ́. Mo kọ ọ́ sókè ju tiwọn lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà wò mí. Nígbà tí Ìyá Àgbà kú, wọ́n ní Bàbá Kékeré wá dúró sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà láti àárọ̀, ó ń retí ẹni tí yóò ní kó wọlé. Kò sí ẹni tó ní kó wọlé. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, mo mọ ọ̀nà dé ibi tó dúró sí. Mò ń gbé àwo oúnjẹ fún àlejò.

Ní ọjọ́ kejì tí bàbá mi pè mí, mo mú ọmọ mi, a gun ọkọ̀ lọ sí Ute. Mo bá bàbá mi lábẹ́ igi ọsàn, ó ń run pákò, kò sí ajá kankan lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́, nítorí igbó ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ láìbẹ̀rù ènìyàn. Mo kúnlẹ̀. Mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo rò pé bí mo bá sọ ọ́ ilé yóò wó.

"Bàbá, èmi ni mo ki aṣọ bọ inú agogo Ojúlarí. Kò dún. Bàbá Kékeré kò purọ́."

Ó tu pákò sílẹ̀.

"Mo mọ̀."

N kò gbọ́ ọ yé. Mo ní, "Sà?"

"Mo rí i nígbà tí mo tú u kúrò lọ́rùn ajá nínú igbó. Aṣọ búlúù. Ta ló tún ń wọ búlúù nínú ilé wa? O rò pé kí ló dé tí mo fi ní kí o fọ inú rẹ̀ dáadáa?"

"Ẹ mọ̀, ẹ sì lé e?"

"N kò mì í." Ilẹ̀ ló ń wò. "Iná ti ràn, wọ́n ti ń ké, mo fa ewé yọ, mo tú ajá sílẹ̀. Olórí ajá tí kò bá mi agogo, wọ́n á gba ajá lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá wa sì ti fún àbúrò mi ní ìbọn. Kí ni ìbá kù fún mi?" Ó tún ní, "Ìwọ náà ńkọ́? Mo bò ọ́ láṣìírí ni."

"Ẹ kò bò mí, sà. Èmi lẹ fi bo ara yín."

N kò tíì bá bàbá mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Kò nà mí, ó ti dàgbà jù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí wọ́n gbé àbúrò rẹ̀ wálé. Ó ní bí òun bá gbà á wọlé lónìí, kí ni òun yóò sọ fún àwọn ènìyàn? Mo ní kí ó sọ pé agogo kò dún. Ó mi orí. Ó ń mì í títí mo fi dìde. Mo wọ yàrá rẹ̀, mo tú agogo kúrò lórí ìṣó. Ìbọn náà wà níbẹ̀, ìpẹtà ti di ẹnu rẹ̀, kò sí ẹni tó fi epo kàn án láti ọjọ́ tó ti di ti bàbá mi.

Ẹ̀yìn ilé tí Bàbá Kékeré háyà ní Imoru ni wọ́n sin ín sí, láàárín ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì. A dé nígbà tí wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù sórí ibojì. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí ẹní, obìnrin kékeré, ìbòrí dúdú. Mo kúnlẹ̀ fún un, mo gbé agogo síwájú rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ẹyọ kan pamọ́, èèpá iyán, aṣọ, iná, ohun tí bàbá mi sọ. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó mú agogo náà, ó mì í lẹ́ẹ̀kan. Ó dún.

"Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdọọdún," ó ní, "bí ọ̀kadà bá ti dúró lójú títì, yóò dìde lórí oúnjẹ. Yóò ní, 'Ìyẹn lè jẹ́ ọmọ yẹn. Ó máa wá. Ẹ̀rù ló ń bà á.' Etí rẹ̀ wà lójú títì yẹn títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá." Ó nà án padà sí mi. "Ìgbà tí etí rẹ̀ ti di tán lo wá ń sọ̀rọ̀. Gbé e lọ. Ilé yín ló ti máa ń dún."

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Wọn kì í sọ pé òtítọ́ lè dé kí ó bá wọn tí wọ́n ń po sìmẹ́ńtì.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ bọ̀ sí Ọ̀wọ̀, ọmọ mi jókòó sí itan mi, agogo wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ìka ti ahọ́n rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ọmọ ọdún méje ni. Ó ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ níwájú ẹní yẹn, n kò sì lé e jáde.

"Màámi, ṣé bàbá tí wọ́n sin yẹn ló pa ajá?"

"Òun ló yìnbọn. Èmi ni mo pa ajá."

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń pè é ní adití? Ṣé kò gbọ́ràn ni?"

Mo gba agogo náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo mú un ní ahọ́n kí ó má baà dún, mo sì sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ lábẹ́ igi ọsàn fún un.

"Ó gbọ́ràn dáadáa, ọmọ mi. Kò sí ẹni tó ní etí bíi tirẹ̀ ní gbogbo Ute. Ó dúró, ó tẹ́tí títí. Kò sí ohun tó dún."